Ọjọ́ Mẹ́ta ní Òdìkejì Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa wí nínú ara wọn pé, 'Ta ni ó ráyè ìsinmi?' Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ ará àdúgbò wa ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá wá kí mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: Ìjẹ̀gùn tiwa ni èyí tí ó wà létí omi, lẹ́yìn Satellite Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, kì í ṣe Ìjẹ̀gùn tí ó wà lọ́nà Ìkòtún.) Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán hàn mí: ilé funfun báláú lórí òkè, omi tí ó dúdú bí aró nísàlẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ó ní, 'Bàbá, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì nìyí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.'

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí èmi kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìsì rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò rí, ó lè kà nípa rẹ̀, mo sì ti kà nípa àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Wọ́n tó 6,000 bí a bá ka kékeré mọ́ ńlá, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn ń gbé nínú wọn kò ju 200 ó lé díẹ̀ lọ. Èbúté Piraeus, lẹ́bàá Áténì tí í ṣe olú-ìlú, ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn bá mú ní Áténì bí ẹni pé iná ń jó, àwọn ará ìlú náà a ti ilẹ̀kùn wọn pa, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Hydra, tí ọkọ̀ tí ń sáré lè dé láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Wọn kò gba mọ́tò láàyè níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, ọkọ̀ ojú omi ni. Afẹ́fẹ́ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní meltemi, tí ó máa ń ti àríwá fẹ́ ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Bí ó bá le jù, ọkọ̀ kò ní lè gbéra, àlejò a sì há sórí erékùṣù títí yóò fi rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ ibẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ pé kí ó mú erékùṣù kan ṣoṣo, kí ó má ṣe máa fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ológoṣẹ́.

Inú ọmọ náà dùn sí gbogbo èyí. Mo wá bi í pé ọjọ́ mélòó ni ibi iṣẹ́ fún un. Ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa wí: ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 gbáko, ó kéré tán, kí a fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 láti sinmi, kí owó rẹ̀ má sì dín. A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Owó físà nìkan, yúrò 90 ni fún àgbàlagbà kan láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti fúnni ní físà náà, owó kò ní padà wálé. Lẹ́yìn èyí ni owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ìtura, owó oúnjẹ. Bí a bá sì yọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ kúrò nínú ọjọ́ márùn-ún, mẹ́ta ló kù. Mo ní, 'Ọmọ mi, ṣé torí ọjọ́ mẹ́ta ni o fẹ́ fi jẹ gbèsè ọdún kan?' N kò sọ pé kí ó má lọ o. Ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún, kí ó lọ, kí ó sì rántí wa bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bí a ti ń ṣírò yìí, ìyàwó rẹ̀ kò bá wa dá sí i. Ọmọbìnrin náà ti sùn lọ lórí àga, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò tí ì lù. Mo bi ọkọ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, 'Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, sà.' Agogo mẹ́rin ìdájí ni ó ń jí lójoojúmọ́, kí ó lè se oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ó sì jáde kí àwọn tánkà tó dí ọ̀nà. Erékùṣù Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kò rí nǹkan! Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí Island, làálàá ni ó ń lọ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Àwọn àgbá epo ńláńlá ni ó yí wa ká, àwọn tánkà tí ń wá gbé epo a sì tò lọ lójú títì tọ̀sán tòru. Ẹni tí ó ń gbé ní Fẹ́sítáàkì lè rò pé tirẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí ìlú tí a dìídì yàwòrán rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ ni, tí a fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní oṣù Kínní sí oṣù Kejì ọdún 1977. Ṣùgbọ́n kí òun náà jáde sí Máìlì 2 ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kí ó wá sọ fún mi. Nígbà tí ìsinmi ọdọọdún bá wá dé, kí ni a ń fi ṣe? Ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú, ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wa ní Òṣogbo, ìwúyè, ìṣílé. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́fà, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Ó dára kí ènìyàn bá ẹbí ṣe. Èmi náà ń bá wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pè é ní ìsinmi.

Mo ní kí àwọn tọkọtaya náà jẹ́ kí a rìn dé èbúté. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo na ọwọ́ sí òdìkejì ọ̀sà, mo ní, 'Gíríìsì tiyín nìyẹn.'

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilẹ̀ náà ti rí. Omi tí ó wà níwájú wa, ọ̀sà ni. Ó ti ẹnu èbúté Èkó wá, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó lọ sí Àgbádárìgì, ó sì dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bìní. Òkun ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan ni ó nà lọ bí okùn. Orí ilẹ̀ yìí àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká ni Ìlàṣẹ̀, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Ìrèdé wà, ìjọba ìbílẹ̀ wa kan náà ni a sì jọ wà. Àwọn Àwórì, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ apẹja ni ó ń gbé ibẹ̀. Kò sí afárá tí ó dé ibẹ̀, nítorí náà kò sí tánkà. Ènìyàn a sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, a rìn díẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, a sì yọ sí òkun.

N kò gbàgbé pé iyanrìn yìí kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lójú àwọn baba ńlá wa. Ní Gbẹrẹfú, ní òdìkejì Àgbádárìgì, orí irú iyanrìn kan náà ni a da àwọn ẹrú gbà dé etí òkun tí a sì kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ kan sí i, kí ó lọ síbẹ̀, kí ó rin ọ̀nà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì wo ilé alájà àkọ́kọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹ̀kọ́ nìyẹn, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é.

Ibo wá ni kí ènìyàn yàn? Tarkwa Bay ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, lẹ́nu èbúté Èkó. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá sínú òkun ní nǹkan bí ọdún 1908, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfarapa, òkúta náà dínà ìgbì, omi sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kóra jọ sí apá ọ̀hún. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà, ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ó sì jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ dáadáa lè fi ẹsẹ̀ kan omi ní Tarkwa Bay kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ọjọ́ kan ni lójú tèmi. Èrò a máa pọ̀ níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, àti láti ìgbà tí a ti lé àwọn ará abúlé ibẹ̀ kúrò ní oṣù Kínní ọdún 2020, ibẹ̀ kò rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlàṣẹ̀ ni mo fara mọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sùn. Ilé ìgbafẹ́ wà níbẹ̀ tí a ń háyà, olówó ńlá àti ti ẹni tí ó mọ níwọ̀n. Kí ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ iná, omi ìwẹ̀ àti ọkọ̀ wà nínú owó náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe kọ́gbọ́n, nítorí pé ìlọ àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìtìjú ni. Àsìkò Àjíǹde ni. Mo kó ará ilé mi dání, a jẹ́ mọ́kànlá. Nígbà tí a ó fi se ìrẹsì, tí a ó fi dín adìẹ, tí a ó fi dúró de àbúrò mi tí ó ní òun ń bọ̀, ó ti di ọ̀sán. Ọkọ̀ tí a rí wọ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti ya. Mo wò ó, mo sì dákẹ́, nítorí ojú ń tì mí láti dá ọkọ̀ dúró lójú èrò. A dé ọ̀hún, a jẹun, a gbọ́ orin, àwọn ọmọ ní kí a ṣe wákàtí kan sí i. Nígbà tí a ń padà bọ̀, oòrùn ti wọ̀. Láàárín ọ̀sà, ẹ̀rọ ọkọ̀ kọ́ ewé tí ń léfòó lórí omi, ó sì kú. Ẹ mọ ewé náà, èyí tí ó ń yọ òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò. Ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i nínú ọ̀sà Àgbádárìgì, ìhà Àjàṣẹ́ ni ó gbà wọlé. Òkùnkùn ṣú. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sì gbé wa sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi tí ó kéré jù, ọmọ ọdún méje, wà lórí itan ìyá rẹ̀ láìsí jákẹ́ẹ̀tì kankan lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá mi wí. Ó kàn ń wò mí ni. Àwọn apẹja méjì ni ó fi ọkọ̀ àjẹ̀ wá bá wa, wọ́n fi àdá gé ewé náà kúrò. N kò jẹ́ gbàgbé ojú tí ó fi wò mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì tèmi, ti ọmọdé àti ti àgbà, mo sì ń gbé wọn lọ́wọ́ dé èbúté bí ẹni ń gbé agboòrùn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Àjọ LASWA, tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa bójú tó ọ̀nà omi, sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù èrò wọ̀ ọ́. Òfin kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kún jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ọmọdé wọ ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí èyí tí ó tóbi jù yóò yọ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó bá kan omi.

Ti òkun tún wà lọ́tọ̀. Ní Ìlàṣẹ̀, kò sí òkúta tí ó dínà ìgbì. Omi tí ó wá sí èbúté ní láti padà, a sì máa wá ojú kan gbà padà, bí odò tóóró láàárín ìgbì méjì. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ dákẹ́, kò fọ́ funfun bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; ojú ibi tí ó dákẹ́ yẹn gan-an ni ó ń gbé ènìyàn lọ. Ẹni tí omi bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jìjàkadì. Kí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ léfòó, kí ó fi ọwọ́ pe àwọn ènìyàn, kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó kọjú sí ilẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí omi ju orúnkún mi lọ, ara mi sì le.

Ti àsìkò ńkọ́? Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, òkun a máa ru, òjò a sì máa rọ̀. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ó dára jù. Omi iyọ̀ a wọnú ọ̀sà, a sì pa ewé tí mo wí yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú, kí ẹ dúró kí ìkùukùu ká ní òwúrọ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Kí ẹ lọ ní ọjọ́ Túsìdeè, kí ẹ padà ní ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ sinmi àti àwọn tí ó fẹ́ pariwo ni yóò jọ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tí yóò borí.

Ẹrù kò yẹ kó pọ̀. Omi mímu, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, iná tọ́ọ̀ṣì, oògùn tí olúkúlùkù ń lò, aṣọ òtútù fún alẹ́, owó lọ́wọ́ nítorí pé fóònù lè kọ̀ láti fi owó ránṣẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ sọ fún ará ilé kan ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ orin sílẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: ta ni yóò se oúnjẹ? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ mi. Bí ìyàwó yín bá gbé ìkòkò kọjá omi, tí ó ń gúnyán fún yín lórí iyanrìn, tí ó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ kàn yí padà. Èmi àti ìyá ilé wa ti fẹnu kò: ní òdìkejì ọ̀sà, gàárì, ẹja yíyan àti àgbọn ni oúnjẹ wa, èmi ni mo sì ń ra ẹja náà lọ́wọ́ àwọn tí ń fa àwọ̀n ní òwúrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo nǹkan, ẹ wo ìyẹn. Wọn a pín ara wọn sí ọ̀nà méjì lórí okùn gígùn, wọn a máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orin, àwọn ọmọdé a máa fà níwájú, àgbà a máa fà lẹ́yìn, títí àpò àwọ̀n yóò fi yọ lójú omi. Ẹni tí ó bá bá wọn fà á, wọn a fún un ní ẹja díẹ̀. Mo ti fà á rí. Ìdajì wákàtí ni mo ṣe, ọjọ́ méjì ni mo fi pa ara.

Ọjọ́ kìíní kò ní dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ara tí ó ti mọ́ wàhálà a máa wá wàhálà kiri. Ẹ ó máa fọwọ́ kan fóònù, ẹ ó máa ronú pé ẹ gbàgbé nǹkan nílé. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tí ẹ jókòó létí ọ̀sà, tí ẹyẹ funfun ń padà sí ibùsùn wọn, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ó ti tó wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú. Ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ wọ ọkọ̀ kí agogo méjì ọ̀sán tó lù.

Àwọn tọkọtaya tí mo sọ̀rọ̀ wọn lọ ní oṣù Kejì. Wọ́n fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ wa, ìyá ilé wa ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọ́n sì yá jákẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n padà, mo bi ìyàwó náà léèrè ohun tí ó rí lọ́hùn-ún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ má bínú sí mi, bàbá. N kò rí òkun ní ọjọ́ kìíní. Mo sùn ni. Ìgbà tí mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, agogo mẹ́wàá ti kọjá, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé tánkà ti dí ọ̀nà mọ́ mi.' Ọkọ rẹ̀ ní òun ti jí tipẹ́, òun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn.

Àwòrán Gíríìsì ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ó dàárọ̀ o.